Akoto Yẹ́lò Láàrin Igi

Ìró ni wọ́n kọ́kọ́ máa ń gbọ́. Àwọn tó jókòó sórí bèbè koríko ní Kirk Michael ní erékùṣù Isle of Man, tàbí tí wọ́n fara ti ògiri òkúta lẹ́bàá afárá Ballaugh níbẹ̀ kan náà, á ti tẹ́tí sílẹ̀. Rédíò kékeré wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn, tíì gbígbóná wà nínú fíláàsì, ojú ọ̀nà dá páropáro. Ohùn ẹ́ńjìnnì kan á ti òkèèrè wá, á máa ga sí i, kò ní já, kò ní gbọ̀n. Ẹnì kan á ní, "Joey nìyẹn." Kó tó pa ẹnu dé, akoto yẹ́lò kan ti yọ láàrin igi, ó ti kọjá, ó ti lọ. Òórùn epo jíjó ló kù, àti ewé gbígbẹ tó ń yí lójú títì.

Ọ̀pọ̀ nínú àwọn tí mò ń sọ yìí ti di àgbàlagbà báyìí, àwọn mìíràn sì ti ní ọmọ-ọmọ. Joey Dunlop tí wọ́n ń retí nígbà náà ti kú láti ọdún 2000. William Joseph Dunlop ni orúkọ rẹ̀ ní kíkún, wọ́n bí i ní ọjọ́ 25 oṣù Kejì ọdún 1952 nítòsí Ballymoney, ìlú kékeré kan ní agbègbè Antrim ní Àríwá Ireland. Ó borí nígbà 26 nínú eré-ìje alùpùpù TT ní erékùṣù Isle of Man, ó borí nígbà 24 nínú Ulster Grand Prix nílé, ó sì gba ipò kìíní àgbáyé nínú Formula One TT ní ọdún márùn-ún tẹ̀léra, láti 1982 títí di 1986. Ẹni tó ka ìyẹn nínú ìwé á gbà pé akọni ni. Ṣùgbọ́n ẹ bi àwọn tó fojú rí i, ibẹ̀ kọ́ ni wọ́n ti máa ń bẹ̀rẹ̀ ìtàn. Ọwọ́ rẹ̀ tí epo dúdú ti wọ èékánná ni wọ́n máa ń kọ́kọ́ rántí. Wọ́n á sọ ti sìgá tó máa ń fà kó tó gun alùpùpù, ti ṣẹ́ẹ̀tì pupa tó máa ń wọ̀ sábẹ́ aṣọ awọ rẹ̀ torí ó gbà pé oríire ń bẹ lára rẹ̀, ti nọ́ńbà 3 tó fẹ́ràn. Wọ́n á sọ bó ṣe máa ń rìn láàrin èrò bí ẹni tó wá wòran, tí àlejò á máa bèèrè pé ta ni Joey nígbà tí Joey ń gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá.

Irú eré tí wọ́n ń sá yìí ló fà á tí ìrántí fi rí bẹ́ẹ̀. TT kì í ṣe eré inú pápá tí wọ́n mọ odi yí ká. Ọ̀nà tí àwọn èèyàn ń gbà lọ sí ọjà, tí ọmọ ń gbà lọ sí ilé ìwé, ni wọ́n ń tì pa fún wákàtí mélòó kan. Òfin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ìgbà náà kò gba irú rẹ̀ láyè. Erékùṣù Man tó ní ilé aṣòfin tirẹ̀ ló ṣòfin ní 1904 pé wọ́n lè ti ọ̀nà fún eré-ìje, ní 1907 sì ni TT bẹ̀rẹ̀. Òbírí ọ̀nà tí wọ́n ń sá báyìí fẹ́rẹ̀ẹ́ tó máìlì 38, kọ́nà inú rẹ̀ lé ní 200. Ó gba iwájú ilé onílé, iwájú ṣọ́ọ̀ṣì, ẹnu ọ̀nà ilé ọtí, ó gun òkè Snaefell lọ, ó tún sọ̀ kalẹ̀ wá sí Douglas. Wọn kì í tú gbogbo asáré sílẹ̀ pọ̀ lẹ́ẹ̀kan, wọ́n ń jẹ́ kí ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀ wà láàrin wọn, aago sì ni oníkálukú ń bá díje. Ẹni tó dúró lẹ́bàá ọ̀nà kò lè fojú lásán mọ ẹni tó wà níwájú. Àfi kí rédíò sọ fún un, tàbí kó wà ní Douglas níbi pátákó ńlá tí àwọn ọmọ ẹgbẹ́ Boy Scout ń fi ọwọ́ kọ àkókò sí nígbà ayé Joey.

Ohun tí òǹwòran ní kò wá ju ìró, àwọ̀ akoto, àti ìṣẹ́jú àáyá kan. Ṣùgbọ́n ó sún mọ́ ọn tóbẹ́ẹ̀ tí atẹ́gùn alùpùpù náà á gbá a ní àyà. Ẹni tó jókòó sórí àga ní pápá ìṣeré ńlá kì í rí irú ìyẹn gbà. Ó jọ mí lójú pé nítorí bẹ́ẹ̀ ni ẹni tó rí Joey ní ìgbà mẹ́fà péré láyé rẹ̀, tí gbogbo rẹ̀ kò sì pé ìṣẹ́jú kan tí a bá rò ó pọ̀, ṣe lè fi wákàtí méjì sọ ọ́.

Eré tó ń pa èèyàn ni, kí n má fi bò. Àwọn asáré tó ti kú lójú ọ̀nà yẹn lé ní 250. Giacomo Agostini ti ilẹ̀ Ítálì, tó borí níbẹ̀ nígbà mẹ́wàá, kò padà síbẹ̀ mọ́ láti díje lẹ́yìn tí ọ̀rẹ́ rẹ̀, Gilberto Parlotti, kú níbẹ̀ ní 1972. Barry Sheene tí gbogbo England ń pariwo orúkọ rẹ̀ náà kọ̀ ọ́. Lẹ́yìn 1976, wọ́n yọ TT kúrò nínú àwọn eré tí wọ́n fi ń ka àmì ìdíje àgbáyé ti Grand Prix, wọ́n sì dá ìdíje Formula One TT sílẹ̀ ní 1977 láti fi dí àlàfo náà. Àsìkò tí àwọn ẹni ńlá ń jáde ni ọmọ mẹkáníìkì láti Ballymoney ń wọlé. Ní 1976 ló kọ́kọ́ sá a. Ní 1977 ó borí nínú eré tí wọ́n fi ṣàjọyọ̀ ọdún 25 Ọbabìnrin Elizabeth lórí ìtẹ́, Yamaha tí John Rea rà fún un ló sì gùn. (John Rea yẹn ni bàbá-àgbà Jonathan Rea, tó wá gba ipò kìíní àgbáyé nínú Superbike ní ọdún mẹ́fà tẹ̀léra, láti 2015.)

Àwọn ọ̀rẹ́ kan wà láyìíká rẹ̀ tí wọ́n ń pè ní Armoy Armada. Armoy jẹ́ abúlé nítòsí ilé wọn. Mervyn Robinson, ọkọ arábìnrin Joey, wà nínú wọn, bẹ́ẹ̀ náà ni Frank Kennedy, àti Jim, àbúrò Joey. Wọ́n jọ ń tún ẹ̀rọ ṣe, wọ́n jọ ń kó o sínú ọkọ̀, wọ́n jọ ń bú ara wọn. Eré North West 200, tí wọ́n ń sá ní etí òkun láàrin Portrush, Portstewart àti Coleraine, ló pa méjì nínú wọn. Frank Kennedy fara pa níbẹ̀ ní 1979, ó sì kú lẹ́yìn náà. Mervyn kú níbẹ̀ ní oṣù Karùn-ún 1980.

Oṣù Kẹfà ọdún 1980 yẹn kan náà ni eré Classic TT tí àwọn àgbàlagbà kò lè gbàgbé. Joey gun Yamaha 750 àtijọ́ kan, wọ́n sì gbé táǹkì epo ràgàjì lé e kí ó má bàa dúró gba epo púpọ̀. Mick Grant ni alátakò rẹ̀, Honda láti ilé iṣẹ́ gan-an ló sì wà lábẹ́ rẹ̀. Ní yípo àkọ́kọ́, okùn tó de táǹkì mọ́ ara alùpùpù já. Bí Joey bá tẹ búrẹ́ẹ̀kì, táǹkì á sún sí i láyà. Bó bá ń yà ní kọ́nà, á fẹ́ yọ́ ṣubú. Ó fi orúnkún méjèèjì dì í mú, ó fi apá tì í, ó sì sáré bẹ́ẹ̀ dé òpin. Ó sá yípo kan ní ìyára tó ju máìlì 115 ní wákàtí lọ, tí ẹnikẹ́ni kò sá rí títí di ọjọ́ náà, ó sì borí. Àwọn tó ń sọ ìtàn yìí kì í lè sọ ọ́ ní ìjókòó. Wọ́n á dìde, wọ́n á fi itan méjèèjì di afẹ́fẹ́ mú, wọ́n á na ọwọ́ síwájú.

Honda wá gbà á síṣẹ́ lẹ́yìn ìyẹn. Aṣọ awọ tuntun dé, owó dé, ẹ̀rọ tí àwọn ará Japan fi ọwọ́ ara wọn tò dé. Joey kò yí padà. Ó ní ilé ọtí kan ní Ballymoney lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùdókọ̀ ojú irin, ibẹ̀ ni olólùfẹ́ rẹ̀ tó wá láti Jámánì tàbí Scotland ti lè bá a lẹ́yìn káńtà kó ta ọtí fún un. Àwọn alùpùpù kéékèèké tirẹ̀, òun fúnra rẹ̀ ló ń tú ẹ́ńjìnnì wọn tó sì ń tò ó padà. Nígbà tí ẹgbẹ́ mìíràn ń gbé ilé-orí-ọkọ̀ tó ń dán wá sí ibi eré, inú ọkọ̀ akẹ́rù rẹ̀ ni òun ń sùn. Bí wọ́n bá sì fi maikiróófóònù sí i lẹ́nu, orí á wálẹ̀, ohùn á relẹ̀, gbólóhùn méjì tàbí mẹ́ta á jáde pẹ̀lú ohùn Antrim tó nípọn débi pé àwọn oníròyìn England á máa wojú ara wọn. Mo fẹ́ràn ìyẹn gidigidi. Ayé kún fún akọni tó ń sọ fún wa bí òun ṣe jẹ́ akọni.

Ìtàn tó ń pa wọ́n lẹ́rìn-ín jù ni ti 1985. Joey kì í wọ ọkọ̀ òfuurufú lọ sí TT. Ọkọ̀ ẹja ni òun àti àwọn èèyàn rẹ̀ wọ̀ lóru láti Strangford Lough. Ọkọ̀ náà, Tornamona, kọlu àpáta kí ó tó jáde sí gbangba òkun, ó sì rì. Àwọn agbẹ̀mílà láti Portaferry ló yọ gbogbo wọn. Ẹlòmíràn á ti padà sílé lọ dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run, kó sì fi eré ọdún yẹn sílẹ̀. Joey dé erékùṣù Man, ó sì borí nígbà mẹ́ta láàrin ọ̀sẹ̀ kan.

Ìparí rẹ̀ ti dé ní ojú ọ̀pọ̀ èèyàn ní 1989. Ní ọjọ́ Jímọ̀ Rere ọdún náà, ó ṣubú ní pápá Brands Hatch ní England, ẹsẹ̀ rẹ̀ kán, ọrùn ọwọ́ rẹ̀ náà sì kán. Ó pàdánù TT ọdún yẹn. Nígbà tó padà, kò lè jọba lórí alùpùpù ńláńlá mọ́ bíi ti tẹ́lẹ̀, làwọn èèyàn bá ní ó ti tán. Ó yí sí àwọn kékeré, 125 àti 250. Lórí 125 ló ti borí ní 1992, èyí tó mú un bá Mike Hailwood, tí iye ìṣẹ́gun TT rẹ̀ pọ̀ jù lọ tẹ́lẹ̀, dọ́gba ní ìgbà 14, àwọn tó sì rò pé kò sẹ́ni tó lè kan Hailwood dákẹ́. Ní 1993 ó borí lẹ́ẹ̀kan sí i, ó kọjá rẹ̀.

Láàrin àwọn ọdún yẹn náà ni nǹkan kan ṣẹlẹ̀ tí àwọn olólùfẹ́ rẹ̀ kò tètè mọ̀. Tí àkókò eré bá kásẹ̀ nílẹ̀, á kó oúnjẹ àti aṣọ kún inú ọkọ̀ akẹ́rù tó fi ń gbé alùpùpù, á wà á gba gbogbo Yúróòpù kọjá lọ sí Romania, sí ilé àwọn ọmọ òrukàn. Ó lọ sí Bosnia àti Albania náà. Òun nìkan ló sábà máa ń lọ. Kò mú oníròyìn dání, kò ya fọ́tò fún ìwé ìròyìn. Ọbabìnrin ti fi oyè MBE dá a lọ́lá ní 1986 nítorí eré-ìje. Ní 1996 wọ́n fi OBE kún un nítorí àwọn ọmọ yẹn. Ó yẹ kí n sọ pé ìgbà tí oyè kejì dé ni àwọn kan tó ń lọ sí ilé ọtí rẹ̀ tó mọ ibi tó máa ń rìn lọ.

Ohun kan ń bẹ tí àjèjì lè fojú fò. Ní èyí tó pọ̀ jù nínú àwọn ọdún tí Joey fi sáré, Àríwá Ireland wà nínú ìjà. Kátólíìkì àti Pùròtẹ́sítáǹtì ń pa ara wọn, bọ́ǹbù ń dún, ọmọ ogun wà ní ìgboro. Èèyàn tó lé ní 3,500 ló kú láàrin ọgbọ̀n ọdún. Àdúgbò kan wà tí ọmọ ìhà kejì kò gbọdọ̀ dé. Ṣùgbọ́n ní Dundrod, níbi Ulster Grand Prix, ẹ̀gbẹ́ ọgbà kan náà ni ìhà méjèèjì ń dúró sí, òjò kan náà ló ń pa wọ́n, akoto yẹ́lò kan náà ni wọ́n ń wá. Mi ò sọ pé eré alùpùpù tún ìlú náà ṣe o. Ohun tí mo mọ̀ ni pé tí ọkùnrin tó dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ bá ń pariwo orúkọ tí ìwọ náà ń pariwo, o kì í bi í léèrè ṣọ́ọ̀ṣì tó ń lọ ní ìṣẹ́jú yẹn.

Ẹ jẹ́ ká dé ọdún 2000. Joey ti pé ọmọ ọdún 48. Ọdún 12 ti kọjá tó ti borí kẹ́yìn nínú Formula One TT. David Jefferies, ọmọ Yorkshire kan tó kéré sí i ju ogún ọdún lọ, tó ga, tó lágbára, ló ń jọba nígbà náà. Honda gbé SP-1 tuntun fún Joey. Nínú àwọn tó jókòó sẹ́bàá ọ̀nà ní ọjọ́ eré náà, ọ̀pọ̀ ló wá láti kí bàbá àgbà kan pé ó kú iṣẹ́. Ipò kẹta tàbí ìkẹrin á tó wọn.

Rédíò wá bẹ̀rẹ̀ sí í ka àkókò. Joey wà níwájú. Wọ́n rò pé àṣìṣe ni. Yípo kejì, ó ṣì wà níbẹ̀, òun àti Jefferies ń já a gbà mọ́ ara wọn lọ́wọ́. Lẹ́yìn náà ni ẹ̀rọ Jefferies dákú. Láti ìgbà yẹn, àwọn tó wà lẹ́bàá ọ̀nà kò tún jókòó mọ́. Ní Ramsey, ní Bungalow, ní Creg-ny-Baa, bó bá ti ń kọjá ni wọ́n ń ju ìwé ètò eré, fìlà, ọwọ́, ohunkóhun tó bá wà lọ́wọ́ wọn, sókè. Àwọn olùṣọ́ ọ̀nà tó yẹ kó gbé àsíá wọn dúró jẹ́ẹ́ ń fi í juwọ́ sí i. Ó borí. Àgbà ọkùnrin ń sunkún lórí ògiri òkúta láìbojú wẹ̀yìn. Láàrin ọ̀sẹ̀ náà ó tún borí nínú 250, ó borí nínú 125, iye ìṣẹ́gun rẹ̀ di 26. Nínú Senior tó kẹ́yìn, Jefferies ló borí, Joey ṣe ìkẹta, ṣùgbọ́n yípo kan tó sá níbẹ̀ ló yára jù ní gbogbo ayé rẹ̀: máìlì 123.87 ní wákàtí. Ẹ rántí pé ìpíndọ́gba nìyẹn, pẹ̀lú gbogbo kọ́nà àti orí afárá. Ẹni ọdún 48 ni.

Oṣù kan kò pé lẹ́yìn rẹ̀. Joey fẹ́ràn láti máa lọ sí àwọn eré kéékèèké tí ẹni tó lórúkọ bíi tirẹ̀ kì í dé, bẹ́ẹ̀ ló ṣe wa ọkọ̀ rẹ̀ lọ sí Estonia, sí ọ̀nà inú igbó ní Pirita, ní ìlú Tallinn. Ní ọjọ́ 2 oṣù Keje, ó borí nínú eré 750, ó borí nínú 600. Òjò wá ń rọ̀. Òun ló wà níwájú nínú 125 nígbà tí táyà yọ̀, alùpùpù rẹ̀ sì gbé e kọlu igi. Ibẹ̀ ló kú sí.

Gbogbo ẹni tó fẹ́ràn rẹ̀ ló mọ ibi tó wà nígbà tí ìròyìn yẹn kàn án. Ẹnì kan wà nínú mọ́tò, ó dúró sẹ́bàá títì. Ẹnì kan ń gé koríko. Ní ọjọ́ ìsìnkú, nǹkan bí 50,000 èèyàn dé Ballymoney, ìlú tí àwọn ará ibẹ̀ kò ju nǹkan bí 10,000 lọ. Alùpùpù láti gbogbo Yúróòpù tò láti ilé rẹ̀ dé ṣọ́ọ̀ṣì Garryduff, wọ́n pa ẹ́ńjìnnì wọn. Àwọn tó wà níbẹ̀ máa ń sọ pé ìdákẹ́jẹ́ yẹn ló bà wọ́n lẹ́rù jù, torí kò tíì sí ìgbà kan rí tí wọ́n pé jọ nítorí Joey tí ibẹ̀ dákẹ́.

Ilé Dunlop kò tíì sunkún tán. Robert àbúrò Joey, tí òun náà jẹ́ asáré pàtàkì, kú ní North West 200 ní oṣù Karùn-ún 2008 nígbà ìdánrawò. Ọjọ́ méjì lẹ́yìn náà, kí wọ́n tó sin ín, Michael ọmọ rẹ̀ gun 250 jáde síbi eré kan náà, ó sì borí. Mi ò tíì mọ ohun tí mo fẹ́ rò nípa ọjọ́ yẹn. William, ẹ̀gbọ́n Michael, kú ní Skerries ní 2018. Ní oṣù Kẹfà 2024, Michael borí nígbà kẹtàdínlọ́gbọ̀n ní TT, ó sì kọjá 26 ti ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ̀. Àwọn àgbà kan ti ń sọ tẹ́lẹ̀ pé àwọn kò fẹ́ rí ọjọ́ tí iye yẹn máa já. Nígbà tó já, tó sì jẹ́ pé Dunlop ló já a, àwọn náà ló pàtẹ́wọ́ jù.

Ní erékùṣù Man, òkúta àmì máìlì kẹrìndínlọ́gbọ̀n wà lójú ọ̀nà orí òkè. Wọ́n ti sọ kọ́nà ibẹ̀ ní Joey's. Síwájú sí i ni Bungalow, níbi tí ère rẹ̀ wà, ó jókòó sórí Honda, ó kọjú sí ọ̀nà. Kùrukùru sábà máa ń bo orí òkè náà. Àwọn ará ibẹ̀ ní agbádá Manannán ni, òrìṣà òkun tó máa ń fi bo erékùṣù rẹ̀ mọ́lẹ̀ lójú ọ̀tá. Tí ó bá ti sọ̀ kalẹ̀ báyìí, eré á dúró. Àwọn tó wà níbẹ̀ á jókòó yí ẹsẹ̀ ère náà ká, wọ́n á da tíì sínú ife, wọ́n á máa wo ibi tí ọ̀nà ti wọ inú funfun lọ, wọ́n á máa tẹ́tí.